Kò Sí Ẹja Nínú Ẹrẹ̀ Wa

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Mẹ́tàdínlógún. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ojú òkun, omi tutù dé egungun. Áìsì tún ti gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á ní iná mànàmáná ló fà á, ó wá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo pa iná.

Ẹja yẹ̀yẹ́ ni ẹja pẹlẹbẹ yìí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ wá a nínú Ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà, n kò tíì rí ohun tí ènìyàn fi máa bọ̀wọ̀ fún un. Ẹnu rẹ̀ wọ́. Ojú rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ikùn rẹ̀ funfun bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ti pẹ́ ní ọsibítù. Kì í lé ohunkóhun. Á gbọn iyanrìn bo ara rẹ̀, á yọ ojú síta, á máa retí kí aràn inú ẹrẹ̀ gba iwájú ẹnu rẹ̀ kọjá. Bí o bá gbẹ́sẹ̀ lé e, kò ní kọ́kọ́ sá. Á rò pé o ò mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń mú un: ẹsẹ̀ lórí, ọwọ́ lábẹ́ ìhá, ó di inú agbọ̀n.

Mo débi tí wọ́n ti ń ta áìsì, mo bá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn obìnrin tó kù ní kí n kà á sókè. Nínú àwa mọ́kànlá tó ń tẹ ẹja, èmi nìkan ló ka ìwé mẹ́fà tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Akọ̀wé. Ìwé náà ní láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, wọ́n máa gbé Ẹrẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ fa iyanrìn, nítorí pé kò sí ẹja níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹja wà, kó mú ẹ̀rí lọ sí ọ́fíìsì ẹja kí oṣù kẹrin tó parí.

Kò sí ẹja níbẹ̀. Agbọ̀n mi sì wà lórí mi, ẹja mẹ́tàdínlógún ń ta ìrù nínú rẹ̀.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ọ́fíìsì ẹja kò ní òórùn ẹja rárá. Òórùn òdà ilé ló ní. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún, ó wọ awò ojú, ó fi bírò mẹ́ta sí àpò àyà bí ẹni pé méjì máa kú lójú ọ̀nà. Mo sọ fún un pé òpùrọ́ ni ẹni tó ní kò sí ẹja nínú Ẹrẹ̀.

Ó ṣí fáìlì kan, ó kó ìwé méjìlá jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún ni. *Ẹja wo ló wà níbẹ̀? Kò sí. Èèlóo ni ẹ ń mú lọ́sẹ̀? Kò sí, ìkarahun là ń ṣà.* Ọdún méjìlá, ọ̀rọ̀ kan náà.

“Màmá, ta ló ń bá yín kọ ọ́?”

“Ẹnì kan báyìí ni.”

“Ọwọ́ rẹ̀ dára,” ló wí.

Èmi ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fọ́ọ̀mù yẹn dé, wọ́n fẹ́ máa gba owó òde lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ní ká sọ pé kò sí ẹja, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín títí. Mo rò pé orí mi pé nígbà náà.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ìpàdé ní àgbàlá Ìyá Àgbà, ẹni tó kọ́ mi ní ẹja títẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó ń sọ nǹkan gidi.

“Ta ló sọ fún ìjọba pé kò sí ẹja?” ni Ìyá Gíga ń bèèrè, ó di ìbàdí mú bí ọlọ́pàá.

Ìyá Àgbà wò ó. “Àwa náà ni. Ìwọ gan-an lo rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ náà. Eyín mi ló ti jábọ́, orí mi kò tíì jábọ́.”

Ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi, bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin mẹ́wàá ni wọ́n, ìgboyà wọn kò kún ṣíbí kan.

Àbúrò mi náà wá, ọmọ ìyá mi, ẹni tó ti kó ẹsẹ̀ kúrò nínú Ẹrẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọ̀gá àwọn tó fẹ́ fa iyanrìn ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un, kó máa se oúnjẹ fún ogójì òṣìṣẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á. Ẹrẹ̀ lásán ni.”

“Ẹrẹ̀ lásán yẹn ló tọ́ ọ dàgbà.”

“Ó tọ́ mi lóòótọ́. Ó tún ṣí èékánná ẹsẹ̀ mi mẹ́ta.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀gá ọ́fíìsì wá ka ẹja. Mo ti sọ fún un pé kó wá nígbà tí omi bá fà tán. Ó ní aago mẹ́wàá ni ọkọ̀ ojú omi òun ṣófo. Aago mẹ́wàá sì nìyí, omi ti kún dé ọrùn àwọn òpó àtijọ́ inú Ẹrẹ̀. Ó da àwọ̀n sílẹ̀, ó fà á lọ, ó fà á bọ̀. Àwọ̀n ń gba òkè kọjá, àwọn ẹja tó ń wá sì dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, iyanrìn lórí wọn, wọ́n ń wo ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun tó rí: koríko òkun, ike kan, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọjú wo ìwé rẹ̀: *Òdo*.

Ọkọ mi ní, “Ó kéré tán, ó rí bàtà. Kó padà wá wá ìkejì.” Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ rédíò títúnṣe sílẹ̀, iṣẹ́ tó kù fún un ni kó máa dá sí ọ̀rọ̀.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò. Mẹ́sàn-án. Ìwé yìí ti fẹ́ dé ìdajì, ọdún kò tíì dé ibì kan; ìkẹtàlá rẹ̀ nìyí, ìwé kan lọ́dún. Méjìlá tó kù wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi ní àyè bàtà òun ni wọ́n gbà. Bàtà méjì ló ní.


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Oníyanrìn, ọ̀gá àwọn tó fẹ́ fa iyanrìn, wá sílé mi. Lọ́fínńdà rẹ̀ wọlé ṣáájú rẹ̀. Ó jókòó létí àga bí ẹni tí kò fẹ́ kí àga náà kan òun, ó mú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù mi kan jáde.

“Mo wá dúpẹ́ ni, Màmá. Ìwé yín ló ràn wá lọ́wọ́ jù.”

Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ó tún fi agbòjò tuntun kan sílẹ̀ fún mi, orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn lára rẹ̀. Ó lọ tán, mo fi agbòjò náà bo agbọ̀n ẹja. Ó ń jò.


Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Mo gbé agbọ̀n lọ sí ọ́fíìsì, mẹ́rìnlá, gbogbo wọn ṣì ń mí. Mo gbé e lé orí tábìlì, omi rẹ̀ ń kán sórí fáìlì.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú, ó nù ún. “Màmá, ẹja inú agbọ̀n kì í sọ ibi tó ti wá. Ojú mi gbọ́dọ̀ rí i níbi tó wà.”

Mo fẹ́ bú u. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òótọ́ ló sọ. N kò fẹ́ràn kí irú wọn máa sọ òótọ́.

Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú agbọ̀n tí wọ́n ní kí n sanwó fún bí èrò. Ẹja ti rọ̀ kí n tó padà dé ọjà, mo tà á ní ìdajì.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Omi ńlá fà lónìí, òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ni. Ẹrẹ̀ là gbalaja títí dé ibi tí àwọn òpó àtijọ́ wà. Ọ̀gá dé lásìkò, mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n bàtà òjò ló wọ̀, ó ga dé orúnkún.

“Ẹ bọ́ ọ,” mo sọ fún un.

“Rárá o, Màmá. Ìkarahun lè gé mi lẹ́sẹ̀.”

Báwo ni rọ́bà ṣe máa gbọ́ ẹja? Ohun tó ń bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn kò ju kó rọra gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, bí ìpéǹpéjú. Ó ń fi bàtà rẹ̀ rìn gbìn-gbìn, ẹja ń tú ká níwájú rẹ̀, ó ń bi mí pé wọ́n dà. Nígbà tó yá, ẹrẹ̀ gba bàtà kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹyẹ odò. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sínú omi.

Ó rí ẹja méjì. Ó kọ *Méjì*. Ó ní méjì kò tó. Láti òní lọ, orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí ni Bàtà-Òjò.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin

Mọ́kànlá. Àwọn ìdọ̀tí kéékèèké ti dé.

Àwọn ọmọ ẹja pẹlẹbẹ ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún nìyí: wọ́n á gba ojú òkun wọlé lásìkò yìí, wọn kò tó èékánná, wọ́n á kún inú gbogbo kòtò omi tó ṣẹ́kù. Tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n dáadáa, á rí èyí tí ojú rẹ̀ kan ṣì wà lórí àtàrí, kò tíì dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá Àgbà ló fi hàn mí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n bí i dáadáa, ojú kan lọ́tùn-ún, ojú kan lósì, ó ń lúwẹ̀ẹ́ nàró bí ẹja gidi. Òun fúnra rẹ̀ ló wá gbé ojú kan kọjá orí, tó dùbúlẹ̀, tó ní ó tán. Mo mọ àwọn ènìyàn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń sùn nínú pálọ̀ báyìí.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Omi ńlá tún fà. Bàtà-Òjò dé, ó jókòó sórí òkúta, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ká ṣòkòtò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ó rọ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí lára ẹni tó ń rìn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó má gbé ẹsẹ̀, kó máa wọ́ ọ. Ìgbésẹ̀ kẹfà, ó dúró.

“Màmá, nǹkan kan ń gbọ̀n.”

“Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, awò ojú rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò fẹ́ jáde mọ́. Àwa méjìlá tò sórí ìlà kan, a tẹ Ẹrẹ̀ láti òpó kìíní dé òpó kẹta, ó sì ń kà. Mọ́kànlélógójì.

Mo rò pé ó ti tán. Oníyanrìn wà létí bèbè lábẹ́ agbòjò rẹ̀, fọ́ọ̀mù méjìlá lọ́wọ́.

“Ọ̀gá, ẹja òní nìyẹn. Àlejò ni wọ́n. Ìwé ọdún méjìlá nìyí tó ní wọn kì í gbé ibẹ̀.”

Bàtà-Òjò yíjú sí mi. “Màmá, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?”

Mo wo àwọn obìnrin tó kù. Ẹsẹ̀ wọn ni gbogbo wọn ń wò. Bí mo bá ní ọdún yìí ni, mo bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú, Ẹrẹ̀ á sì lọ.

“Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Irọ́ ni mo pa.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀mejìlá. Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ ti sọ pé ọwọ́ mi dára.”

Oníyanrìn rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó purọ́ lẹ́ẹ̀mejìlá, ta ló máa gba ìkẹtàlá rẹ̀ gbọ́?”

Bàtà-Òjò kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá mo ní ohunkóhun tí mo kọ láwọn ọdún yẹn gan-an, kì í ṣe ohun tí mo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹja inú agbọ̀n mi.

“Ó ní ìwé,” ni ọkọ mi wí láti ẹ̀yìn. N kò mọ̀ pé ó ti jí. “Àpótí kan, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojoojúmọ́ ló ń kọ iye ẹja síbẹ̀.”

Ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, òní ló rí nǹkan rántí.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

N kò lọ sí Ẹrẹ̀. Mo ka gbogbo ìwé méjèèjìlá.

Iye ẹja wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n torí kí bébà má baà tètè tán, orí ìlà kan náà ni mo kọ ẹja àti èèbú sí. Kò sí ẹni tí n kò bú. N kò lè gé ọ̀kan kí èkejì má bá a lọ. Mo mú sáàsì, mo tún gbé e padà. Ìwé tí wọ́n bá gé, wọ́n á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀ irọ́ mi.

Nínú ọdún méjìlá, n kò rí ibi tí mo ti yin ẹnì kan. Mo wá a.


Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo gbé àpótí lọ sí ọ́fíìsì. Méjìlá péré. Ìkẹtàlá kò jáde nílé, nítorí Bàtà-Òjò.

“Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ kà.”

“Màmá, gbangba la ti máa kà á. Bó ṣe wà la máa kà á.”


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún. Àwọn tí kò tẹ ẹja rí wá, wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ka ìwé mi. Alága tí wọ́n rán wá láti olú-ọ́fíìsì jẹ́ obìnrin arúgbó kan, irun rẹ̀ funfun, kò rẹ́rìn-ín rí láyé rẹ̀. Bàtà-Òjò dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn rẹ̀ dùn jù fún irú iṣẹ́ yẹn.

*Ọdún kìíní, oṣù kẹrin, ọjọ́ kẹfà. Méjìlélógún. Àwọn ìdọ̀tí kéékèèké ti dé. Ìyá Àgbà tún sọ ìtàn ọkọ̀ tó rì, ìkẹrin lọ́sẹ̀ yìí.*

“Ó dùn ni,” ni Ìyá Àgbà wí láti ìjókòó rẹ̀.

*Ọdún kẹta, oṣù kẹrin, ọjọ́ kẹsàn-án. Mọ́kàndínlógún. Àwọn ìdọ̀tí kún kòtò, ojú òmíràn ṣì wà lórí àtàrí. Ìyá Gíga ń yangàn lórí ẹja méje. Ọkọ mi jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, ó sùn lẹ́ẹ̀mejì.*

“Irọ́ ni,” ni ọkọ mi wí. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sùn.”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. N kò rí ibi fi ojú sí.

*Ọdún karùn-ún, oṣù kẹrin, ọjọ́ kẹrin. Mẹ́rìndínlógún. Àwọn ìdọ̀tí dé lónìí. Àbúrò mi kó ẹsẹ̀ kúrò nínú Ẹrẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan rí, igi ló ní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, inú agbọ̀n mi ló ti ń mú ẹja kún tirẹ̀. Mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí i, kí ìyá wa má baà mọ̀ pé kò lè ṣe é.*

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí èyí. Àbúrò mi wà lórí ìjókòó kejì, mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó dìde, ó jáde. N kò lè pè é.

Bàtà-Òjò kà títí dé ọdún kejìlá. Ó wá sọ fún alága pé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni òun ti kà nípa ojú tó ń rìn kọjá orí yẹn, pé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá kan náà ni àwọn ọmọ ẹja dé ní gbogbo ọdún méjìlá, àti pé ẹni tó bá fẹ́ hùmọ̀ ẹja kò ní hùmọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Oníyanrìn ní òpùrọ́ ṣì ni mí.

Alága yíjú sí mi. “Ìyá, nínú fọ́ọ̀mù, ẹ kọ pé kò sí. Nínú èyí, ẹ kọ pé ó wà. Èwo ni ká gbà?”

“Ẹ gba èyí tí mo kọ nígbà tí n kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa kà á.”

Ó fi ọwọ́ bo ìwé karùn-ún tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní wọn kò ní fa iyanrìn Ẹrẹ̀, pé ibi tí ẹja ń tọ́mọ ni, pé a ó máa san owó òde lórí agbọ̀n láti ọdún yìí lọ, àti pé oṣooṣù la ó máa kọ fọ́ọ̀mù báyìí. Ìyá Gíga ní, “Ta ló máa kọ ọ́?” Ọ̀rọ̀ àpárá ni. Àwọn obìnrin tó kù ti ń kó jáde láì wò mí.


Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mẹ́tàlá. Àwọn obìnrin rìn ṣáájú mi lọ, wọ́n rìn ṣáájú mi bọ̀. Èmi ni mo gba Ẹrẹ̀ padà fún wọn, kò sí ẹni tó kí mi kú iṣẹ́. Ọkọ mi nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀; ó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan rere kan wà nípa òun nínú ìyókù. Mo ní mo ṣì ń wá a.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún

Omi ńlá. Oòrùn mú. Mo wà nídìí òpó kejì nígbà tí mo gbọ́ ẹni tó ń rìn bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń gbé ẹsẹ̀ dípò kó wọ́ ọ. Mo ti mọ ẹni náà kí n tó wẹ̀yìn.

Àbúrò mi ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún. Agbọ̀n ìyá wa ló gbé. Oníyanrìn ti lọ, ilé ìdáná ti bá a lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Má gbé ẹsẹ̀. Wọ́ ọ.”

“Mo mọ̀.” Kò mọ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A tẹ̀ ẹ́ lọ títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà, kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa gbọ̀ngàn, èmi náà kò sọ. Nígbà tí a jáde, ó da agbọ̀n rẹ̀ délẹ̀ níwájú mi.

“Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé mo tẹ méje. Ẹ má kọ nǹkan mìíràn.”

Mo kà á. Mo tún un kà.

Àbúrò mi tẹ mẹ́fà.